Okùn Tí Wọ́n Ní Kó Sinmi

Ogójì ọmọ jókòó níwájú ogójì kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà tó dáhùn. Àwọn olùbẹ̀wò mẹ́ta tó wá láti Àkúrẹ́ káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wò wá. Lára ògiri ni súwíìṣì wà, àpótí pẹlẹbẹ tí okùn gbogbo kọ̀ǹpútà wọ̀, tó ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Àwọn iná wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú wìrìwìrì, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni ọ̀gá ilé ìwé náà nígbà yẹn. Mo ń làágùn.

Ohun kan ṣoṣo la ń wá: kí wọ́n fọwọ́ sí i pé kí àwọn ọmọ Ìdànrè máa ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì lọ́dọ̀ wa. Ọdọọdún ni wọ́n ń jí lọ sí Àkúrẹ́ ní ìdájí, tí àwọn mìíràn sì ń débẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀gbẹ́ni Dúrótoyè, olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa, ló to gbogbo rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi na okùn tó sì fi ń dán an wò. Ó sáré wọlé, ó wo iná ara súwíìṣì náà, ó sì kọjú sí mi.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Èmi tí mo máa ń fọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, níṣojú ọmọ àti àlejò ni mo ti dá a lóhùn: "Oṣù mẹ́rin ni mo fún ọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá wo lo tún ń tọrọ? Kó irinṣẹ́ rẹ, kó o máa lọ sílé."

Ó ṣa irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó sì lọ. Àwọn olùbẹ̀wò náà tẹ̀ lé e jáde.

Nínú ogójì ọmọ yẹn, ẹnì kan wà tí kò lè gbé ojú sókè. Olúwatóyọ̀sí ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹni tí Dúrótoyè fọkàn tán jù, tó ń fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn ìyókù fún mi lẹ́yìn náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Stephanie ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Okùn méjì ló so súwíìṣì yàrá náà pọ̀ mọ́ èkejì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí kọ̀ǹpútà àgbà tó ní ìbéèrè nínú wà. Iná okùn kan ní àwọ̀ ewé tútù. Ti èkejì pọ́n bí ọsàn, kò sì ṣẹ́jú.

Stephanie bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà Tóyọ̀sí, okùn yín kan ti kú, ẹ ò mọ̀. Ìwọ tó o ń pariwo pé o mọ nẹ́tíwọ̀kì."

Dúrótoyè ti sọ fún Tóyọ̀sí rí pé okùn náà ń sinmi ni, kó má fọwọ́ kàn án. Tóyọ̀sí kò béèrè ìdí, nítorí kò fẹ́ kó hàn pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ojú ń tì í láti sọ fún Stephanie náà pé òun kò mọ̀. Ó ti rí ọ̀rọ̀ ìwọlé tí olùkọ́ rẹ̀ máa ń tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wọ inú ètò súwíìṣì náà, ó rí ohun kan tó ń jẹ́ spanning tree tó dá okùn náà dúró, ó sì pa á. Lójú ẹsẹ̀, iná méjèèjì di àwọ̀ ewé tútù, wọ́n ń ṣẹ́jú kíákíá. Ó rò pé agbára ló dé. Stephanie pàtẹ́wọ́ fún un. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa jẹnẹrétọ̀, kálukú wọn gba ilé lọ. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Lẹ́yìn tí mo lé Dúrótoyè, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri àwọn àdúgbò Ìdànrè. Ní Òdòdè, wọ́n ní kò mọ iṣẹ́. Nígbà tó fi dé Àtòsìn, ó ti di pé ó fi ayédèrú okùn rọ́pò ojúlówó. Ní Aládé, Tóyọ̀sí àti ìyá rẹ̀ ń sá kòkó sóòrùn.

"Ṣé o gbọ́ pé tíṣà yín ti kó kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tà?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo ti sọ fún ìyá Happiness aládùúgbò wa, òun náà ń lọ sí Òdòdè."

Kòkó ọwọ́ Tóyọ̀sí dà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ì bá ti kú sí Òdòdè, wọ́n tún ti ń gbé e padà lọ síbẹ̀ bíi pé tuntun ni.

Ní ọjọ́ kejì, ó wá Dúrótoyè lọ sílé ní Àtòsìn. Kò lè jẹ́wọ́ ní tààrà. Ó kàn béèrè ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí okùn méjèèjì bá jọ ń ṣiṣẹ́.

Dúrótoyè ṣàlàyé fún un. "Bí kọ̀ǹpútà kan bá ké pe gbogbo ilé, súwíìṣì á gbé igbe náà gba gbogbo ọ̀nà. Bí ọ̀nà bá jẹ́ méjì, igbe náà á gba èyí lọ, á gba ìkejì padà. Súwíìṣì ò mọ̀ pé òun ti gbọ́ ọ rí, á tún gbé e. Á máa yípo, á máa pọ̀ sí i, títí àyè ò fi ní í sí fún ọ̀rọ̀ gidi mọ́. Ìdí nìyẹn tá a fi ní kí okùn kan sinmi. Kò kú. Bí èkúté bá gé èkejì jẹ, á jí."

Tóyọ̀sí kúnlẹ̀. "Sà, èmi ni mo jí i lójú oorun."

"Mo mọ̀ pé ẹnì kan ló pa ètò yẹn. Bí iná yẹn ṣe ń ṣẹ́jú ni mo fi mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún ọ̀gá, sà?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tọrọ."

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, ọmọ náà jáde síwájú gbogbo ilé ìwé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan hó lé e lórí. Stephanie tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. Mo gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́wọ́ Tóyọ̀sí, mo sì ránṣẹ́ pe Dúrótoyè. Ó tan ètò náà padà, iná kan pọ́n bí ọsàn, àwọn kọ̀ǹpútà sì dáhùn. Mo wo aago ọwọ́ mi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n àwọn olùbẹ̀wò kò padà wá títí ọdún fi yí po. Ìdájí ni Tóyọ̀sí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tún lọ sí Àkúrẹ́, méjì nínú wọn sì bá ilẹ̀kùn ní títì. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni Stephanie.

Èmi náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dúrótoyè. Mo pè é wọ ọ́fíìsì mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì bẹ̀ ẹ́ ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ó ti tán, sà." Kò tán. Gbangba ni mo ti bú u, ìkọ̀kọ̀ ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe lójú gbogbo ayé, àgbàlagbà bíi tèmi kò lè ṣe é.

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní Ìdànrè. Ibi tí mo wà yìí tẹ́jú lọ rẹrẹ, kò sí òkè kan bíi ti Ìdànrè téèyàn lè gbójú sókè wò. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìwé yìí, ẹ má ṣe tijú láti sọ pé ẹ kò mọ nǹkan. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni. Ìtìjú ẹni tó fi ẹ̀bi rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn máa ń pẹ́ lára. Bí ọ̀rọ̀ tí kò dá yín lójú bá sì dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó sinmi síbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Dúrótoyè, ogójì ọmọ ló gbọ́ èébú náà. Kí gbogbo ẹni tó bá ka ìtàn yìí gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi: ẹ má bínú, sà.