Máàkì Kan Tí Àánú Fún Apòògùn

Láti ọjọ́ tí Àánú ti wọ ilé ìwé ìṣègùn ni gbogbo àdúgbò wọn ní Ìbà Housing Estate ti ń pè é ní Dókítà. Ọdún kẹta ló ṣì wà o. Síbẹ̀, bí ọmọ bá húkọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá, inú Dókítà wa a sì máa dùn ṣìnkìn.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Dúrósinmí, pín fọ́ọ̀mù fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ apòògùn àti iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ó fẹ́ fi díwọ̀n bí oníkálukú ṣe ka iṣẹ́ ẹlòmíràn sí. Máàkì kan sí márùn-ún ni kí wọ́n fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Àánú fún dókítà ní márùn-ún, ó fún nọ́ọ̀sì ní mẹ́ta. Nígbà tó kan apòògùn, ẹyọ kan péré ló fún un. Ó tún kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹni tó ń ka oògùn sínú ọ̀rá." Ó rẹ́rìn-ín, ó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Àánú ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn wọn, páálí oògùn wà lọ́wọ́. Àwọn kan ló wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì pín oògùn.

"Wọ́n ní tèmi ga. Mo ní mò ń lo oògùn, àmọ́ mi ò mú un dání, mi ò sì lè pe orúkọ rẹ̀. Dókítà mi, ṣé kí n pa ti tẹ́lẹ̀ tì ni?"

Àánú mú páálí ti tẹ́lẹ̀ wá, ó wo méjèèjì fìrí. Orúkọ wọn yàtọ̀, àwọ̀ wọn náà yàtọ̀.

"Ẹ lo méjèèjì pọ̀, Mọ́mì. Á tètè wálẹ̀."

Ó kúkú wálẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, bí Ìyá Àánú ṣe dìde nídìí maṣíìnì ìránṣọ, òòyì kọ́ wọn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n forí gbá etí tábìlì. Jìnnìjìnnì bo Àánú. Ó sáré lọ sí ilé oògùn kan ní Òkókómáíkò.

"Ẹ fún mi ní oògùn òòyì," ló wí fún apòògùn ibẹ̀, Jùmọ̀kẹ́. "Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni mí."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló fẹ́ lò ó? Oògùn wo ló ń lò lọ́wọ́?"

"Mọ́mì mi ni. Àǹtí, ẹ ṣáà tà á fún mi!"

"Mi ò ní tà á. Ẹ gbé Mọ́mì wá, kẹ́ ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání."

Inú bí Àánú, àmọ́ kí ló fẹ́ ṣe? Ó fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé ìyá rẹ̀ wá.

Jùmọ̀kẹ́ wọn ìfúnpá wọn, lẹ́yìn náà ó yí páálí méjèèjì padà. Lábẹ́ orúkọ gàdàgbà tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún tirẹ̀, wọ́n kọ orúkọ oògùn gan-an síbẹ̀ wínníwínní. Ọ̀kan náà ni.

"Oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ní ìlọ́po méjì," ni Jùmọ̀kẹ́ wí. "Ìfúnpá wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Ọsibítù yá, mo ti ń pe àwọn dókítà ibẹ̀."

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ò kúrò nídìí ìyá náà, àwọn aláyẹ̀wò gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, dókítà ní: "Ewu ti kọjá. Ti tẹ́lẹ̀ nìkan ni kí wọ́n máa lò, láti ọ̀la."

Àánú mí kanlẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé kí n ṣì máa pè ọ́ ní Dókítà?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀kọ́ ná, Mọ́mì."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Dúrósinmí. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún fọ́ọ̀mù mi kọ."

"Rárá o. Èyí tó o kọ la ó fi mọ ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ ó kọ́kọ́ jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹ ó wá kọ òmíràn."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má lo oògùn tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀ láì jẹ́ kí apòògùn tàbí dókítà rí méjèèjì. Ẹ kọ orúkọ oògùn yín sórí ìwé, kẹ́ ẹ máa mú un dání lọ síbi gbogbo tí wọ́n bá ti fẹ́ tọ́jú yín, títí kan ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ tètè lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ yín léèrè iṣẹ́ wọn. Ẹ má dúró dìgbà tó bá jẹ́ pé ara ìyá yín lẹ ó ti kọ́ ọ.