Olórí Tí Ẹnikẹ́ni Ò Yàn

Kí àwọn olùkọ́ tó já èdìdì ara àpò ìbéèrè láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọkùnrin kan ló ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe àdúà lẹ́yìn ìrun. Olùkọ́ tó ń ṣọ́ wọn gbá ọwọ́ náà mú, ó là á, ó sì bá ìdáhùn níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, fún ìwé tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Wọ́n tú àpò àwọn yòókù. Ìdajì gbọ̀ngán ló ti rà á.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan ni, lẹ́yìn ìlú Ìwó, lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó, lọ́dún 1998. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n fi wáyà so kọ̀ǹpútà ilé àtijọ́ pọ̀ mọ́ ti ilé tuntun, kí ìbéèrè ìdánwò má baà máa gba ọwọ́ méséńjà kọjá mọ́. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ kò ju pé olè wá ń yára sí i.

Kareemah Abdulmajeed ló ń mójútó àwọn kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tó fi dé ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé, ọlọ́pàá ti dé. Sájẹ́ńtì Àyànbádéjọ jókòó gbàgbà sórí àga, Agnes tó máa ń tẹ ìbéèrè sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ta ló tẹ ìbéèrè yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló tún rí i?"

"Kò sí, sà. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo fi ránṣẹ́ sí yàrá ìtẹ̀wé nílé tuntun láti orí kọ̀ǹpútà."

"Ibo ni wọ́n ti bí ọ?"

"Kuta, sà."

"Ọmọ tí a mú lónìí, ará Kuta ni. Dìde."

Kareemah bọ́ síwájú. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ wáyà wò. Bí Àǹtí Agnes bá ti ń tẹ ìbéèrè, gbogbo kọ̀ǹpútà wa máa ń dákú fún ìgbà díẹ̀, á sì tún jí. Kì í rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀gá Kọ́ládé, mo ti sọ ọ́ fún yín rí."

Kọ́ládé yọ awò ojú rẹ̀. "Wáyà kì í jalè, Kareemah. Èèyàn ló ń jalè."

Wọ́n mú Agnes lọ. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan já lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó dúró kí ó mú un.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀jẹ̀túndé ni Kareemah sáré gbà lọ, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹnjiníà. Òun ló fa gbogbo wáyà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù fọtokọ́pì lẹ́yìn ọgbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà sì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń ra ìwé tí wọ́n fi ń tẹ ìdánwò. Ó gbọ́rọ̀ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó fún un ní omi tútù.

"Àbúrò mi, ọjọ́ ogbó ló ń bá ẹ̀rọ yín jà. Ẹ ra tuntun. Ọ̀rọ̀ Agnes, ẹ fi sílẹ̀ fún ìjọba. Ẹni tó mutí ló mọ adùn rẹ̀."

Kareemah padà, ó jókòó ti súwíìṣì rẹ̀. Kì í ṣe súwíìṣì tí a fi ń tan iná ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, tó ní ojú ihò púpọ̀ tí wáyà ń wọ̀, òun ló sì ń darí ọ̀rọ̀ láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì. Ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì Kareemah nílé àtijọ́, èkejì wà nílé tuntun, wáyà kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Ó yẹ̀ wọ́n wò láàárọ̀, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́sàn-án. Kò rí nǹkan kan. NẸ́PÀ ń mú iná lọ, wọ́n ń mú un wá. Ó lọ kí Agnes ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kò sí àyè. Ó lọ bá Kọ́ládé, Kọ́ládé ní òun ń ṣèpàdé.

Nígbà tó yá, kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe. Kọ́ládé ní òun fúnra òun ni yóò tẹ ìbéèrè, òun yóò sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó rán wọn lọ ra ìwé lọ́dọ̀ Ọ̀jẹ̀túndé, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Kareemah lọ jókòó ti súwíìṣì rẹ̀, kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà tó fi ń wo inú rẹ̀.

NẸ́PÀ mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ńlá ti kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà á. Kò pẹ́, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́yìn ọgbà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà dákú. Nígbà tí wọ́n jí, Kareemah wo ojú ẹ̀rọ. Súwíìṣì rẹ̀ kì í ṣe olórí mọ́.

Bí wọ́n ṣe ṣe àwọn ẹ̀rọ náà nìyí: bí ọ̀nà bá ju ẹyọ kan lọ láàárín wọn, ọ̀rọ̀ lè máa yí po láìdúró títí gbogbo rẹ̀ á fi dojú rú. Nítorí náà, wọ́n máa ń yan olórí kan láàárín ara wọn. Oníkálukú á kéde nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré jù lọ ló ń jẹ olórí. Àwọn yòókù á wá di ọ̀nà tó súnmọ́ olórí jù mú, wọ́n á sì ti ọ̀nà tó bá fẹ́ sọ nǹkan di òbìrípo. Bí ìdìbò náà bá ń lọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kì í kọjá. Dídákú tí Kareemah ń wí nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ kọ́lẹ́ẹ̀jì fún àwọn méjèèjì ní nọ́ńbà ńlá kan náà, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń mọ èyí tó kéré. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà olórí tuntun yìí, òdo ni. Nọ́ńbà kì í ṣèèṣì di òdo. Ọwọ́ èèyàn ló ń gbé e síbẹ̀.

Súwíìṣì rẹ̀ sì ń fi ojú ihò tí ọ̀nà olórí gbà hàn án. Ó tẹ̀ lé wáyà ibẹ̀. Ó wọ inú àjà, ó gba ẹ̀yìn ògiri sọ̀ kalẹ̀. Ó sáré lọ sí ilé tuntun. Súwíìṣì ibẹ̀ náà ti ti ọ̀nà tààrà tó wá sílé àtijọ́, ó sì kọjú sí ojú ihò kan tó yẹ kó ṣófo, wáyà dúdú wà nínú rẹ̀. Wáyà méjèèjì pàdé nínú gọ́tà, wọ́n gba abẹ́ ọgbà kọjá, wọ́n wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ọ̀jẹ̀túndé. Ohun gbogbo tó bá ń ti ilé kan lọ sí èkejì, àárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń gbà.

Ọ̀kadà gbé Kareemah dé àgọ́ ọlọ́pàá.

"Mo ti mú olè mi," Sájẹ́ńtì wí.

"Olè ń jalè lọ́wọ́ báyìí, sà, Àǹtí Agnes sì wà lẹ́yìn káńtà yín. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí irọ́ ni, ẹ ti èmi náà mọ́lé."

"A ò ní epo nínú ọkọ̀."

"Ọ̀kadà tó gbé mi wá wà níta."

Sájẹ́ńtì wò ó, ó wo Agnes, ó mú fìlà rẹ̀.

Kí wọ́n tó dé, Kọ́ládé ti bà á jẹ́. Ó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí yàrá ìtẹ̀wé tán, ó jáde wá, ẹnì kan láti ilé tuntun sọ ohun tí Kareemah rí níbẹ̀ fún un, ó ní òun ò ní fàyè gba irú ìyẹn nínú ilé òun, ó sì lọ síbẹ̀, ó fi agbára fa wáyà dúdú náà yọ. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Ọ̀jẹ̀túndé rí i pé iná ojú ihò kan kú, ó sì mọ̀. Nígbà tí ọ̀kadà dúró, ó ti ti iwájú ṣọ́ọ̀bù pa. Kareemah gbọ́ tí ọ̀kadà mìíràn dún lẹ́yìn ilé. Ọkùnrin náà ti gbé àpò kan kọ́rùn, ó dorí kọ ọ̀nà Ilé-Ogbó.

"Lé e!" Sájẹ́ńtì ké mọ́ ọlọ́kadà.

Kareemah dúró sínú eruku. Kọ́ládé dé, ó ń mí hẹlẹ, wáyà dúdú náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ní kí ẹ fa wáyà yẹn, sà?"

Kareemah fẹ̀yìn ti ògiri, omi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo wàhálà yẹn, ká wá ṣí ilẹ̀kùn fún olè.

Ṣùgbọ́n epo wọ́n lọ́dún náà. Ọ̀jẹ̀túndé ti fa epo inú ọ̀kadà rẹ̀ sínú jẹnẹrétọ̀. Kò tíì jìnnà tí ọ̀kadà rẹ̀ fi húkọ́, tó kú. Sájẹ́ńtì bá a níbi tó ti ń tì í wọ inú oko ẹ̀gẹ́.

Wọ́n mú un wá sí ọ́fíìsì Kọ́ládé, wọ́n tú àpò náà sórí tábìlì, Sájẹ́ńtì sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Kí ni èyí?"

"Súwíìṣì ni, sà."

"Èyí ńkọ́?"

"Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni. Òun ló ń ṣe àdàkọ ohun tó bá kọjá."

Wọ́n ṣí i. Ìbéèrè tí Kọ́ládé fi ìka méjì tẹ̀ láàárọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ń tẹ ìdánwò?"

"Wọ́n máa ń wá ra ìwé púpọ̀ lọ́dọ̀ mi, sà."

"Báwo lo ṣe sọ àpótí rẹ di olórí ilé onílé?"

"Mo yí nọ́ńbà rẹ̀ sí òdo. Àwọn yòókù ló fi í jẹ."

"Láìbéèrè ẹni tó ni ín?"

"Wọn kì í béèrè, sà. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń wò."

"Agnes mọ̀ sí i?"

Ọ̀jẹ̀túndé tẹrí ba. "Kò mọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé òun ni wọ́n máa mú."

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n tú Agnes sílẹ̀. Kareemah dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Kọ́ládé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ní kí ó má bínú, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é lọ́la.

"Mo gbọ́, sà," Agnes wí. "Ṣùgbọ́n ìyá mi ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n ń pè é ní ìyá olè. Ẹ̀yin lẹ pè mí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n pè."

Kọ́ládé ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Kuta ni wọ́n kọrí sí, Kareemah jókòó lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Kọ́ládé dọ̀bálẹ̀ gbalaja níta gbangba níwájú ìyá arúgbó náà, níbi tí gbogbo agbo ilé ti lè rí i, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló ṣi Agnes pè ní olè. Ìyá náà fa ọmọ rẹ̀ wọlé, ó lọ gbé omi ìwẹ̀ kaná.