Bíréèkì Píjò Tíṣà Oyèníran

"Ameenah, bíréèkì yìí ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ," ni Jethro wí láti orí ìjókòó awakọ̀. "Afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀."

"Ṣáà máa tẹ̀ ẹ́," ni Ameenah dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú.

Ọdún 1991 ni, ní ṣọ́ọ̀bù Yẹ̀kínnì mẹ́káníìkì ní Mushin. Píjò 404 àtijọ́ ti Tíṣà Oyèníran, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Àgùdà, ló wà nílẹ̀. Bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù ló bá a wá. Bí òjò bá ti rin ín, kì í mú mọ́. Tíṣà ní kí wọ́n fi onídíìsìkì ti Píjò 504 rọ́pò rẹ̀ níwájú. Yẹ̀kínnì gbé iṣẹ́ náà lé Ameenah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni.

Jethro, ọmọṣẹ́ tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù náà ṣáájú rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà. "O gbé kálípà ọ̀tún, irin tó ń di díìsìkì mú yìí, sósì. Wo nípù tó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbà jáde, ìsàlẹ̀ ló kọjú sí. Òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń sá lọ."

Òótọ́ ni. Ameenah rí i kedere. Ṣùgbọ́n oṣù méjì sẹ́yìn, Jethro yìí kan náà ló sọ níwájú àwọn oníbàárà pé, "Ìyàwó ilé fẹ́ fi sípánà ro ọbẹ̀," tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi rẹ́rìn-ín. Jethro bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ó ti búra pé kò sí ohun tí Jethro máa kọ́ òun mọ́ láyé.

"Ṣé ìwọ ni bàbá mi gbé iṣẹ́ fún ni? Gba ibi iṣẹ́ tìẹ lọ jàre!"

Jethro gbọn èjìká, ó lọ.

Bí Yẹ̀kínnì ṣe ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wò, Ameenah yára wọ inú mọ́tò, ó tẹ bíréèkì léraléra títí ó fi le, bó tilẹ̀ mọ̀ pé yóò tún rọ̀ láìpẹ́. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó le gbagidi.

"Ọmọ mi! O ṣe é!"

Ṣùgbọ́n òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn: ẹni tó bá ṣe bíréèkì ni yóò jókòó síwájú nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé mọ́tò náà jáde.

"Ó yá, wọlé ká lọ."

Ameenah fà sẹ́yìn. "Bàbá, mi... mi ò tíì kírun Àlàásárì."

"Lọ kírun rẹ. Jethro, máa bọ̀." Jethro rò pé Ameenah ti tún un ṣe ló jẹ́ kí bíréèkì le, ó bá wọlé.

Ameenah bu omi sí búùtà, kò lè fi ṣe àlùwàlá. Tíṣà Oyèníran, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì de mọ́tò rẹ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Ọmọ dáadáa. Lọ́la ni n ó fi mọ́tò yẹn gbé àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ síléèwé. Gbàdúrà fún èmi náà o."

Kó tó dáhùn, ariwo ńlá dún ní ìkóríta.

Nígbà tí wọ́n sáré débẹ̀, Píjò ti forí sọ ògiri. Bí kì í bá ṣe bíréèkì ọwọ́ tí Yẹ̀kínnì fà, àárín àwọn ọmọdé tó ń ra gúgúrú ni ì bá wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí Jethro.

Yẹ̀kínnì yọ táyà, ó wo nípù. "Ta ló rí èyí?"

"Ọ̀gá, mo rí i, mi ò sọ fún yín," ni Jethro wí, ó fi àkísà di iwájú orí. "Ẹ má bínú."

Ojú ti Ameenah débi pé etí rẹ̀ ń hó. "Bàbá, ó sọ fún mi. Mo mọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ le kí ẹ má baà mọ̀. Irọ́ ni ìrun tí mo ní mo fẹ́ kí. Ẹ̀rù ló bà mí láti wọlé."

Ó retí ìgbátí. Yẹ̀kínnì kàn wò ó. "Èmi tí mo wọlé ńkọ́? Ẹ̀rù ò bà ọ́ fún mi?"

Tíṣà Oyèníran fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti ká, ó yíjú kúrò lára ọmọbìnrin náà, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Àgùdà.

Ní ọsibítù Ìdí-Àràbà, ibi mẹ́fà ni wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ rán iwájú orí Jethro. Ameenah jókòó tì í, kò lè gbé ojú sókè.

"Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ dùn ọ́," ni Jethro wí. "Àmọ́, ṣé torí ẹ̀ ló yẹ ká ṣe kú?"

Ìdajì wákàtí péré ni ì bá gbà á láti pààrọ̀ kálípà méjèèjì. Ojú ì bá tì í díẹ̀ níwájú Jethro, kó sì tán síbẹ̀. Ní báyìí, ìtìjú náà di ti ojú bàbá rẹ̀, ti Tíṣà, ti gbogbo àdúgbò. Kò yẹ kí á torí pé a ń bínú sí ẹnì kan kọ òótọ́ tó bá sọ. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé iṣẹ́ òun kò pé, kó sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó wọ ọkọ̀.