Òróró Ẹja Dókítà Oníbòmú

Ilẹ̀kùn yàrá Dókítà Mensah ṣí sílẹ̀ gbayawu ní àdúgbò Crusher, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀. Adéòkè dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìgò òfìfo tó fẹ́ fi gba òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kù nílẹ̀ kò ju agolo òróró ẹ̀pà lọ, àti ìkòkò kan tí wọ́n rẹ orí ẹja gbígbẹ sí. Ó ti ìka bọ inú ìkòkò, ó tọ́ ọ wò. Ohun tó ti ń fi ṣíbí bu sẹ́nu ọkọ rẹ̀ láti ìgbà òjò nìyí!

Ọsibítù ti sọ fún un nígbà náà pé jẹjẹrẹ wà nínú ìfun Ọláníyì, pé ó ṣì kéré, ó ṣeé gé kúrò. Mensah ló ní kí wọ́n má gé e. Ó ní ará Ghana lòun, òun kò gbọ́ Yorùbá, pijin ló ń sọ, ìbòmú dókítà kò sì kúrò lójú rẹ̀ rí. Ó ní ọ̀bẹ ló ń ta jẹjẹrẹ jí, ọ̀rá ẹja ló ń pa á. Ọláníyì bẹ̀rù ọ̀bẹ. Adéòkè náà bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n bá gba òróró.

Mọ̀ríámọ̀, aláṣọ ará Ìlọrin tí ìyá rẹ̀ tó ní jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu òróró náà, bá a níbẹ̀; òun ló sáré lọ pe Sájẹ́ǹtì Rùfáì, ọlọ́pàá. Onílé ibẹ̀ sọ pé ọ̀nà odò ni Mensah gbà, báàgì dúdú kan wà léjìká rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n débi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Shintaku lódìkejì odò, èrò ti kún ọkọ̀. Ọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn, ó fárí kodoro, ó wọ kàfùtánì, báàgì dúdú wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Sọ̀ kalẹ̀!" Rùfáì pariwo.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ba na jin Yarbanci." Ó ní òun kò gbọ́ Yorùbá. Ó fi Hausa ṣàlàyé pé àlùbọ́sà lòun ń tà.

"Ìyá Janet, ṣé òun nìyí?" Rùfáì bi Adéòkè.

"Mi ò mọ̀, sà. Mi ò rójú ẹ̀ rí."

"Ẹ̀yin náà! Ẹ ń gba oògùn lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ò rójú ẹ̀?"

Atukọ̀ kígbe pé oòrùn ń mú. Wọ́n tú okùn ọkọ̀. Adéòkè sáré wọnú omi kó lè wo ọkùnrin náà dáadáa, ẹrẹ̀ yọ̀ ọ́, ó fi orúnkún gbá etí ọkọ̀ gbàù!

"Òkun o! Òkun!" ọkùnrin náà ké, ó ti na ọwọ́ láti dì í mú.

Gbogbo èrò ọkọ̀ yíjú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

"Hausa á ní sannu," ni Mọ̀ríámọ̀ wí. "Àwa ará Ìlọrin á ní pẹ̀lẹ́. Àwọn Yorùbá apá ibí nìkan ló ń ní òkun. Alálùbọ́sà, ìyá wo ló kọ́ ọ?"

Nígbà tí Rùfáì fà á sọ̀ kalẹ̀, tó sì tú báàgì, ìbòmú ló kọ́kọ́ jáde.

"Orúkọ ẹ?"

"Jacob."

"Ọmọ ibo?"

"Yàgbà, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn nílé."

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ òróró?"

"Mo fọ ìgò rí nílé ìwádìí kan, sà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àwọn òyìnbó kán ọ̀rá ẹja sórí jẹjẹrẹ ìfun nínú àwo, díẹ̀ nínú jẹjẹrẹ náà sì kú. Wọn ò tíì dán an wò lára èèyàn."

"Tìẹ kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rá ẹja."

"Òróró ẹ̀pà ni, sà. Orí ẹja ló ń jẹ́ kó rùn."

Adéòkè, tí omi ń kán lára ìró rẹ̀, sún mọ́ ọn. "Ọ̀bẹ tí o ní ká sá fún ńkọ́?"

Jacob wolẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá padà sọ́dọ̀ dókítà, á ní irọ́ ni mo ń pa. Ìdí ẹ̀ nìyẹn, mà."

Mọ̀ríámọ̀ bú sẹ́kún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run: ìyá òun ṣì lè bá dókítà. Ó ti ń sáré lọ kó tó rántí Adéòkè tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú Ọláníyì pọ́n bí epo, ikùn rẹ̀ wú. Dókítà ọsibítù tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀, kò sóhun tí ọ̀bẹ lè ṣe mọ́.

Nílé wọn ní Karaworo, Ọláníyì gbọ́ ẹsẹ̀ Adéòkè láti orí ẹní.

"Ìyá Janet, ṣé o rí i gbà?"

Ó ti múra láti purọ́. Irọ́ náà kò jáde.

"Wọ́n ti mú Mensah, Bàbá Janet. Òróró ẹ̀pà ni."

Ọláníyì gbójú sókè wò ó. "Ta ló tún ń mu ún?"

"Ìyá Mọ̀ríámọ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sọ́sibítù."

"Ṣé wọ́n máa gé tiẹ̀?"

"Wọ́n ní ó ṣeé gé."

"Ó dáa." Ó sún sẹ́yìn díẹ̀, kí àyè lè wà lórí ẹní. "Wá jókòó. Aṣọ ẹ tutù."