Iná Tó Wà Lẹ́yìn Àbúrò Mi

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ ti mọ̀. Bí àwọn tó ń gun alùpùpù bá tò tẹ̀lé ara wọn lójú títì, ta ló ń ṣọ́ ta?

Ọ̀pọ̀ yín á sọ pé ẹni iwájú ló ń ṣọ́ gbogbo wọn. Rárá o. Ẹni iwájú ò lè rí ẹ̀yìn tán. Ohun tí à ń ṣe nìyí: kálukú ń ṣọ́ iná ẹni tó tẹ̀ lé e, nínú dígí rẹ̀. Bí iná yẹn bá ń jìnnà, o dẹ eré kí ó lè bá ọ. Bí o ò bá rí i mọ́, o dúró. Ẹni tó wà níwájú rẹ á rí i pé o dúró, òun náà á dúró. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlà ṣe máa ń dúró de ẹnì kan ṣoṣo. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àwa kì í sì í ṣe ejò.

Ẹni ìgbẹ̀yìn nìkan ni kò ní ẹni tó ń ṣọ́. Dígí tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ èèyàn ní alùpùpù gígùn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè mí ní Tíṣà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Inú ilé mi ló ti bẹ̀rẹ̀, lórí tábìlì tí mo ti ń jẹun.

A fẹ́ lọ sí ìlú kan lórí òkè. Bí ẹni tó ń gun alùpùpù bá dé ìlú yẹn, á rò pé wọ́n ti ń retí òun láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun. Ilé àlejò kọ̀ọ̀kan ló ní abà fún máṣíìnì, omi ẹ̀rọ láti fi ṣan ẹrẹ̀, àkísà láti fi nu ṣéènì. Ọ̀nà ibẹ̀ lọ́ bí ìfun. A jẹ́ mẹ́rin tó ń lọ: èmi, nọ́ọ̀sì kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, jórinjórin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, àti àbúrò mi, tó ń ṣe búrẹ́dì.

Ìyàwó àbúrò mi lóyún, oyún àkọ́kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ọkọ òun lọ, torí bí ọmọ bá ti dé, irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ò ní ṣeé ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n ó fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ ṣe mú un lọ ni kí ẹ ṣe mú un bọ̀."

"Mo gbọ́."

"Ẹ má sọ pé ẹ gbọ́. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a pàdé láti ṣètò, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀nà náà sórí tábìlì, bí mo ti máa ń yà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo mú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, irin tí à ń fi de bóòtì, nínú àpótí sípánà, ọ̀kan fún máṣíìnì kọ̀ọ̀kan. Mo tò wọ́n. Tèmi níwájú, ti nọ́ọ̀sì, ti Jórinjórin. Mo fi ti àbúrò mi sí ìgbẹ̀yìn, torí pé ó ní sùúrù.

"Kí ló dé tó jẹ́ èmi lẹ́yìn?" ló bèèrè.

"Torí òórùn búrẹ́dì ara ẹ ni," ni Jórinjórin dá a lóhùn. "Bí o bá wà níwájú, ebi á pa gbogbo wa sójú ọ̀nà."

Mo lọ gbé tíì wá. Nígbà tí mo padà dé, nọ́ọ̀tì márùn-ún ló wà lórí tábìlì.

Ìkarùn-ún wà lẹ́yìn ti àbúrò mi. Ó ti dógùn-ún. Gbogbo èyí tó wà nínú àpótí mi ló ń dán.

"Jórinjórin, kó eré ẹ kúrò lójú ọ̀nà."

"Eré wo?"

"Nọ́ọ̀tì yìí."

"Tíṣà, ìdí mi ò kúrò lórí àga. Ẹ bi nọ́ọ̀sì."

Nọ́ọ̀sì mi orí. Kò rẹ́rìn-ín. Mo mú nọ́ọ̀tì náà. Ó gbóná, bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lára ẹ́ńjìnnì. Mo jù ú sínú àpótí, mo dé e. A mu tíì. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló ń yọ́jú wo ìdí ìlà náà.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé máṣíìnì jáde láti dán ara wa wò, ní ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú. Oòrùn ń wọ̀. Mo wo dígí. Nọ́ọ̀sì ń dẹ eré. Mo dẹ. Ó dúró. Mo dúró. A pa ẹ́ńjìnnì, a rìn padà sẹ́yìn. Àbúrò mi la bá lọ́ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ó yíjú sẹ́yìn.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Mò ń dúró dè é ni."

"Ta ni?"

"Ẹni tí ẹ fi sẹ́yìn mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ì bá ti sọ fún mi. Iná ẹ̀ ń jìnnà ṣáá. Bí mo bá dẹ eré, òun náà á dẹ."

"Ìyàwó ẹ ni," ni Jórinjórin wí. "Ó ń ṣọ́ ọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àfi òun náà, kò sì rẹ́rìn-ín pẹ́. Mo wo ọ̀nà. Ó ṣófo lọ réré. Ẹyẹ kan ò ké. Ṣùgbọ́n òórùn epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ń fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa láti ẹ̀yìn, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ kíyè sí i: àbúrò mi ò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe. Ó rí iná lẹ́yìn, ó dúró dè é. Èyí gan-an ló já mi láyà.

Láti ìgbà yẹn, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo jókòó, mo dìde. Mo tún ṣí àpótí sípánà wò. Nígbà tó yá, mo tẹ ìyá onílé àlejò tó wà lórí òkè náà láago, kí n kàn gbọ́ ohùn èèyàn, kí n sì rán an létí yàrá wa.

"Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o," ló wí. "Ẹnì kejì yín ti dé."

"Èwo nínú wa, mà?"

"Ẹni yín tó gun máṣíìnì wá. Ó kọ oúnjẹ. Kò tíì ṣí akoto lórí. Ojú ọ̀nà ló jókòó kọjú sí."

"Mà, a ò rán ẹnikẹ́ni ṣíwájú."

"Mo bi í. Ó ní ẹni tó wà níwájú òun lòun ń dúró dè."

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò fagi lé ìrìn àjò náà lójú ẹsẹ̀. Mo ti bi ara mi náà. Mo rò pé mo mọ àtúnṣe rẹ̀ ni. Mo ní èmi ni n ó wà ní ìgbẹ̀yìn. Kí nọ́ọ̀sì bọ́ síwájú, kí àbúrò mi bọ́ sí àárín. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn, kó bá mi níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, a tò síwájú ilé àbúrò mi. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Mo ní kí kálukú pe ipò rẹ̀ kí a tó ṣíná.

"Èmi ló ṣíwájú," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Èmi ló tẹ̀ lé e," ni Jórinjórin wí, "bí kò bá fi eré pa mí."

"Èmi ló tẹ̀ lé aláròyé," ni àbúrò mi wí.

Ó ku èmi. "Èmi ni ìgbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni lẹ́yìn mi."

Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ. Lẹ́yìn mi, ní ìwọ̀n ibi tí máṣíìnì kan yẹ kó wà. Irin dún, kọ̀ọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá fi gìgísẹ̀ ta irin tí máṣíìnì fi ń dúró sókè, tó fẹ́ máa lọ.

Mi ò yíjú. Ọrùn mi kọ̀. Ìyàwó àbúrò mi ló kọjú sí wa. Ó juwọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ rọra o," ló wí. "Ẹ̀yin márààrún, ẹ rọra."

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo lọ yọ kọ́kọ́rọ́ lára máṣíìnì àbúrò mi.

"Ẹ̀gbọ́n! Kí lèyí?"

"Sọ̀kalẹ̀."

"Kí ni mo ṣe?"

"Mo ní kó o sọ̀kalẹ̀."

Inú bí i gidigidi. Jórinjórin ṣí akoto rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti máṣíìnì rẹ̀ wọlé, ó sì wá dúró tì mí.

"Tíṣà, ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, fóònù mi dún. Ìyá onílé àlejò ni.

"Ẹni yín ti lọ o."

"Ó lọ síbo?"

"Ó ní ẹ ti pẹ́ jù. Ó ní òun ń bọ̀ wá pàdé yín."

Wọ́n ti bí ọmọ náà, ó sì ti ń rìn báyìí. Bàbá rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, láàyè, ara rẹ̀ le. Máṣíìnì rẹ̀ wà nílé mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò mi. Mo mú ìlérí mi ṣẹ, bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ mìíràn, bí mo bá yà níbi tó ti ń ṣe búrẹ́dì, mo máa ń bá a níta, ìyẹ̀fun lọ́wọ́ rẹ̀, tó kọjú sí ọ̀nà.

"Kí lò ń wò?"

"Iná yẹn ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ó ṣì jìnnà?"

"Rárá," á wí. "Kì í jìnnà mọ́."

Ẹ̀yin ńkọ́? Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún yín nìyí. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ yín, ẹ má tíì ṣíná. Kí kálukú pe ipò rẹ̀. Kí ẹni ìgbẹ̀yìn sọ ọ́ ketekete pé kò sẹ́ni lẹ́yìn òun. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín dákẹ́. Ẹ má yíjú. Ẹ tẹ́tí.