Òǹtẹ̀ Ara Igi

Ìbọn ogun àtijọ́ kan ni Marlys gbé sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé nígbà tí Curtis kọ́kọ́ rí i. Ó di ojú kan, ó ń fi ìka tọ nọ́ńbà ara irin náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà àfẹ́sọ́nà. Ariwo àwọn tó ń nájà gba gbogbo gbọ̀ngàn ìpàtẹ ìbọn ní ìlú Fargo, ṣùgbọ́n kò dà bíi pé ó gbọ́ ọ. Curtis káfíńtà dúró síbẹ̀, ó gbàgbé ohun tó bá wá.

Nígbà tó kàn án kí Marlys bá a díye lé tirẹ̀, ó gbé ìbọn bàbá bàbá rẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Igi ìdí rẹ̀ ń dán bíi dígí.

"Ta ló fi sáńpépà ha igi yìí?" Marlys béèrè.

"Èmi ni. Mo sì fi fáníṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta."

"Iṣẹ́ ọwọ́ yín dára." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dára débi pé ó ti jẹ ìdajì owó rẹ̀. Àwa tó ń kó ìbọn ogun jọ, ipa ọwọ́ sójà là ń rà. Ibí yìí ni òǹtẹ̀ ológun wà tẹ́lẹ̀, ẹ ti ha á dànù."

Ẹlòmíràn ì bá bínú. Ohun tó wọ Curtis lọ́kàn ni pé obìnrin yìí kò purọ́ fún un, kò sì fi í ṣẹ̀sín. Ó ní kó jẹ́ kí òun ra kọfí fún un. Kọfí ọjọ́ náà bí òmíràn, nígbà tí yìnyín yóò sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, "ẹ" ti di "ìwọ" láàárín wọn.

Orville, bàbá Marlys, ló kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò fẹ́ Curtis fún ọmọ òun. Ogójì ọdún ló ti ń díye lé ìbọn. Bó bá ti sọ iye kan, ọ̀rọ̀ parí.

"Ẹni tó ba ohun ìrántí ogun jẹ́ torí kí igi lè dán," ó ní, "kí ló mọ̀ nípa ohun iyebíye?"

"Bàbá, kò mọ̀ nígbà yẹn ni."

"Kó lọ mọ̀ ọ́n nílé ẹlòmíràn."

Marlys kò bá a jà, kò sì fi Curtis sílẹ̀.

Ní oṣù kẹta, oníṣòwò kan gbé irú ìbọn tí Orville ti ń wá láti ogún ọdún wá sílé rẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ bára mu, òǹtẹ̀ rẹ̀ hàn ketekete. Bàbá ti ta ọkọ̀ rẹ̀ nítorí ẹ̀. Ibi tó ti fẹ́ sanwó ni Curtis bá wọn, nígbà tó wá mú Marlys ṣeré jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè fọwọ́ kàn án?"

Marlys gbé ìbọn náà lé Curtis lọ́wọ́. Curtis fi àtàǹpàkò ra òǹtẹ̀ náà, ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé.

"Igi yìí ti gbó, sà, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ yìí kò tíì gbó. Etí lẹ́tà rẹ̀ ṣì mú, kò sí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀. Ẹnì kan ha igi yìí bí mo ṣe ha tèmi, ó wá tẹ òǹtẹ̀ tuntun lé e."

Orville wọ awò, ó wò ó pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló dá ìbọn padà fún oníṣòwò náà, tí kò dúró mu kọfí rẹ̀ tán.

"Ogójì ọdún," bàbá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mi ò rí i."

"Irin lẹ mọ̀, sà. Èmi, igi ni mo mọ̀."

"Má wulẹ̀ pọ́n mi. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Marlys ń sọ ọ́, mi ò gbà." Ó fa àga kan sún mọ́ Curtis. "Jókòó."

Nígbà tí wọ́n ń gbin àlìkámà, Marlys yà sí ṣọ́ọ̀bù Curtis. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sáàárín ẹ̀fọ́nrán igi, òrùka wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó jẹ́ kí àwọn fẹ́ra.

"Ṣé o ti sọ fún bàbá mi?"

"Àwọn gan-an ló tì mí sí i. Wọ́n ní bí mo bá tún fi ọ̀sẹ̀ kan falẹ̀, àwọn fúnra wọn á wá bá mi bẹ̀ ọ́."

Marlys rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí i.