Ojú Olúyínká

Fámúyìwá jẹ iyán alẹ́, ó fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sùn, kò jí mọ́. Òwìwí ti ké lórí ilé náà nírọ̀lẹ́. Ní abúlé wọn lọ́nà Akanran, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún wá di ọmọ! Ìbídùnní, opó rẹ̀ tí kò bímọ, ni wọ́n ń nàka sí.

Títíladé, ìyàwó Fọlájìmí ọmọ olóògbé, kọ́kọ́ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àmọ́ nígbà tí ojú Olúyínká ọmọ rẹ̀ sú, tó pọ́n, tó gbẹ, tó ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ìbídùnní ló máa ń gbé ọmọ náà láràárọ̀, tí yóò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí yóò máa kì í.

Bí Ìbídùnní bá ti gbé e sílẹ̀, balùwẹ̀ ló kàn. Omi gbígbóná, ọṣẹ olóòórùn dídùn, oògùn apakòkòrò, kànìnkàn. Títíladé á ha ojú ọmọ kí ọwọ́ àjẹ́ lè kúrò níbẹ̀. Ọmọ á ké, ojú á sì burú sí i.

"Ẹ yéé gbé ọmọ mi!" ló pariwo lọ́jọ́ kan, níṣojú gbogbo àdúgbò. "Bàbá tẹ́ ẹ pa ò tíì tó yín?"

"Èmi, ìyàwó?" Ìbídùnní ní. "Èmi?"

Fọlájìmí kò lè wo ojú ìyàwó bàbá rẹ̀. Màmá di ẹrù, ó kọrí sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Olódò.

Ó lọ tán, ojú ọmọ kò san. Títíladé ń ha á lọ, nítorí wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí màmá máa rán ẹyẹ wá lóru. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ ló tó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

"Kí lẹ fi ń wẹ̀ ẹ́?" Nọ́ọ̀sì Fàdìlàt bi í.

Títíladé kà wọ́n fún un. Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀.

"Awọ ọmọ yín máa ń tètè gbẹ, ẹ̀yin náà wá ń bó o. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má fi ọṣẹ olóòórùn àti apakòkòrò sí i. Ẹ rọra fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi kúrò lójú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi faselíìnì tí kò lóòórùn pa á kó tó gbẹ. Tó bá tún sú, ẹ padà wá."

Títíladé ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ọmọ wá rọ̀. Ìtìjú wá gbé Títíladé mì. Ó pọn ọmọ, ó wọkọ̀ lọ sí Olódò, ó kúnlẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni, màmá. Èmi ni mò ń ba ojú ọmọ mi jẹ́. Ẹ forí jì mí, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ìbídùnní fà á dìde, ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un. Olúyínká ń nawọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá wò ó títí. Kò nawọ́ gbà á.

"Mo ti forí jì ọ́, ìyàwó," ló wí. "Àmọ́ gbé ọmọ rẹ dání. Àwọn tó gbọ́ ohun tó o pè mí kò sí níbí láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ."